Tábìlì Olùkọ́ Ruan

Ẹ gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ yín kalẹ̀, ẹ jókòó.
Ẹ jẹ́ kí tíì yẹn tutù díẹ̀ kí ẹ tó mu ún.
Ẹ ní ẹ ti ka ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta,
ẹ ò sì tíì mọ̀ bóyá ti Kọnfúṣíọ̀sì ló ń ṣe
àbí ti Búdà.
Èmi ò mọ̀wé kà. Aṣọ rẹ̀ ni mo máa ń fọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà,
bọ́ǹbù ń já lu Chongqing bí èso tí afẹ́fẹ́ gbọ̀n.
Yàrá òkè ló háyà lọ́wọ́ ìyá mi,
èyí tó kọjú sí odò Jialing,
tí òrùlé rẹ̀ ń jò níbi mẹ́ta.
Ó gbé abọ́ mẹ́ta sílẹ̀, ó sì jókòó tì wọ́n
bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́.

Tábìlì kan ṣoṣo ló ní. Lápá òsì,
pátákó tí a kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sí,
ìyá tó fi sílẹ̀ lọ́mọ ogún ọdún,
tó lọ fárí, tó di mọ́ńkì lórí òkè.
Ọdọọdún ni ìyá náà ń rán bàtà aṣọ,
tó ń fẹsẹ̀ rìn gbé e dé ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì.
Ọdún méje. Ọmọ kò yọjú sí i rí.
Ìgbà tó fi sọ̀ kalẹ̀, koríko ti bo sàréè.
Bàtà keje ló wọ̀ wá sílé wa.

Lápá ọ̀tún, Búdà onígi kékeré, etí rẹ̀ kan ti kán.
Àwọn mọ́ńkì á wá, wọ́n á kẹ́yìn sí pátákó.
Àwọn olùkọ́ yunifásítì á wá, wọ́n á kẹ́yìn sí Búdà.
Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, Bàbá,
àkísà wo ni kí n fi nu èyí, èwo ni kí n fi nu tọ̀hún?
Ó wò mí pẹ́. Ó mú gègé, ó kọ nǹkan sílẹ̀.
Kò dá mi lóhùn.
Àkísà kan náà ni mo lò.

Lóṣù kẹjọ, fèrè ogun ké, a sá wọ ihò àpáta.
Ìgbà tí a jáde, yàrá òkè ti lọ.
Ìwé tó fi ọdún mẹ́sàn-án kọ
ń fò lójú odò, dúdú bí àdán.
Ìyá mi bú sẹ́kún. Òun rẹ́rìn-ín.
Ó ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́."
Mo ní nínú mi, há, mọ́ńkì ni ọkùnrin yìí ṣì ń ṣe.

Àfi bí wọ́n ṣe gbé Niuwa kọjá lórí pákó,
ọmọ oníyọ̀ ìsàlẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà
tó máa ń bá a ka àkàsọ̀ òkúta bí wọ́n ti ń gùn ún,
oókan, eéjì, títí dé àádọ́rin, tí yóò wá ṣì í kà.
Olùkọ́ Ruan kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.
"Agbè fọ́," ló ń wí.
"Agbè fọ́. Agbè fọ́."

Ó bọ́ bàtà ìyá rẹ̀, ó fi wọ ọmọ náà lẹ́sẹ̀;
bàtà náà gba ẹsẹ̀ mẹ́ta irú tirẹ̀.
Òfin àtijọ́ ní àgbà kì í wọṣọ ọ̀fọ̀ nítorí ọmọdé.
Ó wọ̀ ọ́.
Ó sì ń ka sútírà lálaalẹ́, láìwọ bàtà,
fún ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta.

Lẹ́yìn náà ló tún ìwé náà bẹ̀rẹ̀,
lẹ́yìn bébà ìṣirò iyọ̀ tí bàbá Niuwa kó fún un.
Èyí tí ẹ kà nìyẹn.
Ẹ ò gbóòórùn iyọ̀ nínú rẹ̀?

Tíì yín ti wá tutù jù. Ẹ dà á sídìí òdòdó yẹn.
Ẹ má tíì pa ẹ̀rọ o.
Niuwa ni wọ́n ń pè é. Niuwa.
Ṣé ó wọlé?